Wúfà Bọ̀ọ̀dá Oyèkànmí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ má wulẹ̀ máa mi orí fún mi. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé òwe yìí ti wà láti ayébáyé, kó dìde kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe pa á nígbà àkọ́kọ́, ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkirun, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan báyìí. Àwọn èèyàn kàn gbà á lọ́wọ́ wa ni, wọ́n wá lọ fi sẹ́nu àwọn baba ńlá tí kò fojú kan wúfà rí láyé wọn.

Ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ tó dí ẹnu ọ̀nà yẹn, sún sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè wọlé, ṣé o ò rí i pé fáànù kò ṣiṣẹ́ ni? Ẹ má sì ka bàbá tó na ara sórí àga gbọọrọ lọ́hùn-ún sí. Láti ìgbà tí fáànù ti dákẹ́ ló ti sùn lọ. A óò padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹsẹ̀ ń dun bàbá mi. Abúlé ni wọ́n ń gbé, dókítà tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà sì wà ní Ìkirun, la bá gbé wọn wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Títílọlá, tó lọ́kọ síbẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, kí n lè máa bá wọn gbé omi kaná, kí n máa fi aṣọ jó ẹsẹ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Ara mi ń dán. Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn?

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Bọ̀ọ̀dá Oyèkànmí, tíṣà ìṣirò. Láyé ìgbà yẹn, n ò tó ẹni tó ń wí pé "ó wá, ó lọ" nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà ti kan èmi náà báyìí, bí mo ṣe fẹ́ ni màá ṣe sọ ọ́. Èèyàn dáadáa ni. Kò sí ohun tí bàbá mi lè fẹ́ tí kò ní í ṣe fún wọn. Bàbá mi náà kò sì jẹ́ la ẹnu wọn sọ ohun tó lè dun àna wọn. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí. Bí àna rẹ bá gbé ọbẹ̀ oníyọ̀ ka iwájú rẹ, wàá jẹ ẹ́ tán, wàá sì ní ọbẹ̀ náà dùn, òùngbẹ lásán ló ń gbẹ ọ́. Ibi tí wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá Oyèkànmí ra wúfà. Àpótí pákó dúdú ni, ó ga dé orúnkún mi. Sípíkà ńlá kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n de irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, ara irin yẹn sì ni ańpìlífáyà tó ń fún ohùn rẹ̀ lágbára wà, tòun ti bọ́tìnnì. Wáyà kan ń gba iná fún un, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kejì ń gba ohùn láti ara tẹlifíṣọ̀n. Wúfà kì í kọrin bíi rédíò o. Ìró ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀, gbùmù, gbùmù, ìró tó máa ń gba ilẹ̀ wọ inú egungun èèyàn. Iná bíńtín kan wà níwájú rẹ̀. Bí ohùn bá ń wọlé sí i, iná náà á jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí kò bá sí ohùn fún ìgbà díẹ̀, iná á di pupa, wúfà á sùn fúnra rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Níbo ni kí á gbé e sí? Bọ̀ọ̀dá ní kò sí ibòmíràn ju ẹ̀gbẹ́ àga bàbá lọ.

"Ọ̀dọ̀ bàbá ló yẹ kí ohùn ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Àwa yòókù á gba ìyókù."

Àga yẹn ni bàbá mi ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sun oorun ọ̀sán, torí ẹsẹ̀ wọn. Ni Bọ̀ọ̀dá bá tan wúfà náà. Agolo áṣáà bàbá mi tó wà lórí àpótí kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ sí.

"Ó dára, àna mi," ni bàbá mi wí. "Ó dára púpọ̀."

Inú Bọ̀ọ̀dá dùn débi pé ó fi kún un. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, gbùmù ni títí ìròyìn fi máa parí. Lọ́jọ́ Sátidé, láti òwúrọ̀ ni.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́jọ́ Túsìdeè, Bọ̀ọ̀dá tan tẹlifíṣọ̀n, kò gbọ́ gbùmù. Iná bíńtín pupa. Ó yí bọ́tìnnì lọ, ó yí i bọ̀. Ó fọwọ́ gbá a lórí bí wọ́n ṣe ń gbá rédíò àtijọ́. Kò dún. Bàbá mi ń sùn lórí àga wọn, ọwọ́ wọn lórí ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn, ọ̀pá ẹlẹ́nu kíká yẹn. Aṣọ ìbora wọn ti wọ́ sílẹ̀, ó bo ẹ̀yìn wúfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n pe Lásísì.

Lásísì ni ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní ìkóríta wa. Pátákó kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó ní: BÓ BÁ KÚ, MÀÁ JÍ I. Èmi àti Lásísì ti ń wo ara wa láti oṣù mẹ́ta tí mo ti dé Ìkirun. Mo gbé rédíò bàbá mi lọ fún un lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan kò ṣe rédíò náà. Ó ti sọ fún mi pé òun máa fẹ́ mi. Mo ti sọ fún un pé n ò kọ̀. Ó kù kí àwọn èèyàn mi gbà, ibẹ̀ ló sì ti le. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ti fojú sí ọkùnrin kan tó ń ta táyà ní Òṣogbo. Wọ́n ní, "Kí ni ẹlẹ́rọ rédíò fẹ́ fi bọ́ ọ, ṣé wáyà lẹ ó máa sè jẹ?" Wọ́n ti dá Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta pé àwọn ń bọ̀ wá gbọ́ ẹnu Lásísì.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n pe Lásísì sílé wa, ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga bàbá mi. Wọ́n ń sùn. Ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ kò lè fọwọ́ kan bàbá ọmọ pé kí wọ́n jí. Kò sì lè sọ pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó rọra na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ ìbora wọn láìwo ibẹ̀, bíi pé inú ihò okété ló ń na ọwọ́ sí, ó sì gbé wúfà náà jáde. Ó rí wáyà méjèèjì nílẹ̀, ó rò pé òun lòun fà wọ́n yọ.

Ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi wáyà tirẹ̀ sí i. Gbùmù. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó gbé e padà wá, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó fi wáyà méjèèjì sí i padà. Gbùmù. Bọ̀ọ̀dá dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi fún un ní iyán, mo bu ẹran fún un ju bó ṣe yẹ lọ, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, iná ti di pupa.

Wọ́n tún pè é. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó tún na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó dún ní ṣọ́ọ̀bù, ó dún nílé, ó lọ, ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó gbé e lọ, mo rí i tó jókòó ti wúfà náà tó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n bú tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi bú u.

Ó wá sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ó ní ańpìlífáyà ló ti rẹ̀. Atẹ́gùn wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, ara rẹ̀ ń balẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pálọ̀ gbóná, bó bá ti pẹ́ díẹ̀, ooru á mú un, á dákú. Ó ní kí á pààrọ̀ rẹ̀, kí á fi tuntun sí i. Ọ̀rọ̀ náà bá ọgbọ́n mu, Bọ̀ọ̀dá sì gbà.

Nígbà tí wọ́n sọ fún bàbá mi pé wúfà kò ní í sí nílé fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n la ojú.

"Ṣé kò ní í jí mọ́ ni?" wọ́n béèrè.

"Á jí, bàbá," Lásísì ní. "Ẹ má bẹ̀rù."

Bàbá mi mí kanlẹ̀, wọ́n sì di ojú wọn padà. Àánú ṣe wá. A ní àṣé bàbá yìí fẹ́ràn wúfà tó báyìí.

Ìṣojú mi ni Lásísì ṣe iṣẹ́ náà. Bọ̀ọ̀dá náà wá, ó gbé ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀. Lásísì dojú wúfà délẹ̀ lórí àpò, ó tú síkúrù mẹ́wàá tó wà lẹ́yìn, ó kó wọn sínú ọmọrí agolo mílíìkì kí ìkankan má bàa sọnù. Ó yọ irin pẹlẹbẹ náà tòun ti ańpìlífáyà. Inú àpótí ṣí sílẹ̀, òwú funfun ló kún inú rẹ̀.

"Ta ló ki ìrọ̀rí bọ inú wúfà mi?" Bọ̀ọ̀dá béèrè.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, sà. Òun ló ń mú ohùn jókòó."

"Àṣé ó ní ìrọ̀rí. Abájọ tó fi ń sùn."

Lásísì kò rẹ́rìn-ín. Wáyà pupa kan àti dúdú kan ló lọ sára sípíkà. Ó so òwú mọ́ pupa kí ó má bàa gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, ó tú wọn, ó sì fi sọ́dà, òjé yíyọ́ yẹn, lẹ̀ wọ́n mọ́ ara tuntun. Ańpìlífáyà tuntun yìí, tí awakọ̀ kan bá a gbé bọ̀ láti Ìbàdàn, fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò wọ ihò. Lásísì fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà, ó mú ayùn, ó gé pákó náà díẹ̀díẹ̀. Ó fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká, ó ní bí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbẹ̀, wúfà á máa súfèé. Ó dá síkúrù mẹ́wàá náà padà. Nígbà tó tan án, obìnrin tó ń ránṣọ lódìkejì ọ̀nà jáde wá, ó ní abẹ́rẹ́ òun ń fò lórí aṣọ. Ti tuntun lágbára ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì.

Wọ́n gbé e délé. Bọ̀ọ̀dá tan án. Agolo áṣáà bàbá mi rìn láti àárín àpótí dé etí rẹ̀, ó já sílẹ̀, áṣáà dà nù. Fìlà bàbá mi yẹ̀ lórí.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ sí?"

"Ó dára," ni bàbá mi wí, ohùn wọn ń gbọ̀n. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ó dára o." A rò pé ayọ̀ ni.

Ọjọ́ méjì péré. Iná di pupa.

Orí gbogbo wa wá dàrú. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá kápẹ́ẹ̀tì tuntun tí òun tẹ́ sí pálọ̀ ni wúfà kò fẹ́. Ará ilé kejì ní mànàmáná ìgbà òjò ti kan ilé náà láìjẹ́ pé a mọ̀. Lásísì yọ tuntun, ó dá ti àtijọ́ padà. Ó dún, ó lọ, ó dákẹ́. Ó tún yọ ti àtijọ́, ó dá tuntun padà, bákan náà. Síkúrù mẹ́wàá yẹn, ó tú wọn débi pé orí wọn jẹ. Bọ̀ọ̀dá gbé bébà sílẹ̀, ó ń ṣírò rẹ̀ bí iṣẹ́ kíláàsì. Ó ní:

"Ní ṣọ́ọ̀bù, ó dún. Nílé, bí Lásísì bá wà níbẹ̀, ó dún. Nílé, bí Lásísì kò bá sí níbẹ̀, kò dún. Kí ni ìdáhùn? Lásísì gan-an ni wúfà ń lò dípò iná."

Mo fi Ọlọ́run bú ẹnikẹ́ni tó bá rẹ́rìn-ín, torí a gbà á gbọ́. Wọ́n ní kí Lásísì wá máa jókòó ti wúfà nírọ̀lẹ́. Ó wá lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó sórí àpótí kékeré láàárín wúfà àti àga bàbá mi, ó káwọ́ lé itan. Wúfà dún títí ìròyìn fi parí. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó tún dún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú bàbá mi ti pọ́n kanrin, wọ́n kò lè jẹun. Bọ̀ọ̀dá bá bi Lásísì lójú gbogbo wa pé, "Kí n mọ̀ dájú, ṣé àbúrò ìyàwó mi lo fẹ́ fẹ́ ni àbí wúfà mi? Torí ó dà bíi pé wúfà ti gbà."

Ojú ti Lásísì. Ojú ti èmi náà. Bọ̀ọ̀dá kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó ní Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀, Bàbá Kékeré ń bọ̀, wọ́n á sì béèrè irú oníṣẹ́ tí Lásísì jẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ sí pátákó pé bó bá kú òun á jí i, tó pààrọ̀ ańpìlífáyà odindi tí àpótí kò sì fọhùn, kí ni òun, Oyèkànmí, fẹ́ sọ fún wọn? "Bí wúfà yìí bá dún lọ́jọ́ Sátidé, màá gbè ọ́ lẹ́yìn. Bí kò bá dún, Lásísì, má bínú sí mi, n ò lè parọ́ fún àna mi."

Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí n sọ òótọ́. Mo ronú nípa ọlọ́jà táyà yẹn. N ò rí i rí, ṣùgbọ́n mo ti kórìíra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Lásísì wá ní kùtù hàì. Kò mọ ohun tó tún kù láti ṣe. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ohun gbogbo le dan-in dan-in ni. Ó mú téèpù dúdú tí àwọn oníná ń lò, ó wé e yí ẹnu wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ẹ̀yìn wúfà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó lọ.

Sátidé dé. Láti aago mẹ́jọ ni Bọ̀ọ̀dá ti ń dán wúfà wò, kò sinmi títí di aago méjìlá. Gbùmù, gbùmù. Ọkàn mi balẹ̀, mo wọ ilé ìdáná lọ láti lọ se oúnjẹ àlejò. Bọ̀ọ̀dá pa tẹlifíṣọ̀n, ó jáde lọ pàdé Bàbá Kékeré níta. Bàbá mi nìkan ló kù ní pálọ̀.

Àwọn àlejò wọlé. Bàbá Kékeré jókòó, wọ́n fẹ agbádá. Lásísì wọlé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan, àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ti sùn fọnfọn, ọ̀pá wọn wà lórí àyà wọn, wọ́n ń hanrun díẹ̀díẹ̀. Bàbá Kékeré ní kí á má jí àgbà, wọ́n á bá ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa tí wọ́n bá jí.

"Ṣé Lásísì nìyí?" Bàbá Kékeré ní. "Èyí tó ń jí òkú rédíò?"

"Òun ni," Bọ̀ọ̀dá dáhùn. "Kí á tó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀." Ó na ọwọ́, ó tan tẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n ń kọrin nínú tẹlifíṣọ̀n. A ń gbọ́ àwọn olórin, a ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. A kò gbọ́ gbùmù. Iná pupa.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwo wà lọ́wọ́ mi, n ò lè gbé e kalẹ̀, n ò lè gbé e wọlé. Bọ̀ọ̀dá yí bọ́tìnnì. Bàbá Kékeré wo wúfà, wọ́n wo Lásísì, wọ́n wá wò mí bí ẹni tó ń sọ pé Òṣogbo kò jìnnà.

Lásísì fi orúnkún rìn lọ sẹ́bàá àga bàbá mi. Lọ́jọ́ yẹn, ó ká aṣọ ìbora kúrò díẹ̀, ó sì wo ẹ̀yìn wúfà fúnra rẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà nílẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, wáyà ti wà nílẹ̀. Téèpù dúdú tó wé ní ìlọ́po mẹ́ta kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó wo abẹ́ àga, ó wo kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó rí i. Téèpù náà wà lẹ́nu ọ̀pá bàbá mi, níbi tó ti ká, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, ọ̀pá náà sì ń lọ sókè sódò lórí àyà wọn bí wọ́n ṣe ń hanrun.

Láti ibi tí mo wà, èmi náà rí i. Mo tún rí nǹkan mìíràn. Ojú òsì bàbá mi là, bíńtín báyìí, ó bá ojú Lásísì pàdé, ó sì padé kíá. Ìhanrun wọn wá le sí i.

Ẹ wo ìdààmú tó bá ọmọ ènìyàn. Bí Lásísì bá la ẹnu pé bàbá ni wọ́n ń fi ọ̀pá fa wáyà yọ, iṣẹ́ rẹ̀ á ní iyì, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ fún ẹni tó dójú ti bàbá ọmọ níwájú àbúrò wọn? Bó bá sì dákẹ́, a jẹ́ pé kò mọ iṣẹ́. Ọlọ́jà táyà á wá.

"Ẹnu rẹ là ń wò," Bàbá Kékeré wí. "Ṣé wúfà yìí ti kú ni àbí kò kú?"

Lásísì na ọwọ́, ó rọra yọ téèpù kúrò lẹ́nu ọ̀pá, ó fi í sápò. Ẹlòmíràn kò mọ ohun tó mú. Ó wá dọ̀bálẹ̀, kò kọjú sí Bàbá Kékeré o, àga bàbá mi ló kọjú sí.

"Kò kú, sà," ó ní. "Ańpìlífáyà tuntun wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Mo kọ ọ́ sí pátákó mi pé bó bá kú, màá jí i, n ò parọ́. Ẹni tó bá sùn là á jí. Ṣùgbọ́n a kì í jí apirọrọ."

Bọ̀ọ̀dá ń wo wúfà, ó ń gbìyànjú láti mọ bí àpótí ṣe ń pirọrọ. Ìhanrun bàbá mi dáwọ́ dúró. Ikùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó mì, ó mì, ọ̀pá bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọn kò la ojú.

"Ẹ fún un," wọ́n wí.

"Kí ni kí á fún un, ẹ̀gbọ́n?" Bàbá Kékeré béèrè.

"Ọmọ tó wá tọrọ. Ẹ fún un. Ọmọ yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ó tún mọ ohun tí wọn kì í sọ." Wọ́n wá la ojú kan. "Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé àpótí yẹn kúrò létí mi. Oṣù kan nìyí tí mi ò tíì sùn."

Bọ̀ọ̀dá Oyèkànmí kọjú sí wọn. "Ṣùgbọ́n bàbá, ẹ ní ó dára."

"Mo ní ó dára, àna mi. Ó dára. Ṣé mo ní mo fẹ́ ẹ ni?"

Bí òwe náà ṣe dáyé nìyẹn. Wọ́n gbé wúfà lọ sí yàrá tí Bọ̀ọ̀dá ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sì ń dún níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdákẹ́ lọ́jọ́ kan. Bàbá mi sùn fún ọjọ́ méjì gbáko, oorun tòótọ́, a pariwo títí wọn kò mọ̀. Wọ́n sì fi mí fún Lásísì.

Ẹ ń bi mí pé níbo ni Lásísì wà báyìí? Ẹ wò ó lórí àga gbọọrọ lọ́hùn-ún. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti ní kó bá mi tú fáànù yìí wò, ẹ̀yin náà ń làágùn, ẹ sì gbọ́ nígbà tí mo pè é. Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ wo ìpéǹpéjú rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n. Ẹ wo ikùn rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kàn máa fi bébà fẹ́ ara yín. Ẹni tó bá sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ.